Oyèbísí àti Ajá Tó Ń Jò Lójú Oorun

Nígbà àkọ́kọ́ tí Oyèbísí tẹsẹ̀ bọ omi nínú pálọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, òrùlé ló fura sí. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilé tó ń gbé ní Fola Agoro l'Ékòó sì ti pẹ́, páànù orí rẹ̀ ti dógùn-ún. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síbi tó rò pé ó ń jò, ó nu ilẹ̀, ó bá iṣẹ́ lọ. Lọ́jọ́ kejì òjò kò rọ̀ rárá, omi tún wà nílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀. Ìgbà náà ló tó wo Tanímọ̀la, ajá rẹ̀, tó nà gbalaja sórí ẹní lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tó ń hanrun bí àgbàlagbà, tí irun itan rẹ̀ tutù, tó lẹ̀ mọ́ ara.

Ọdún mẹ́rìnlá ni Tanímọ̀la ti wà nínú ilé yẹn. Láti ìgbà tó ti kúrò lọ́mọ ajá, kò tọ̀ sílé rí.

Kì í ṣe Oyèbísí ló mú un wálé. Ká sòótọ́, Oyèbísí kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn ajá. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí i sí, ìta ni ajá ń sùn, ohun tó bá ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò ló ń jẹ. Ọkọ rẹ̀, Adébọ̀dé, ló rà á lọ́wọ́ ẹnì kan ní Abúlé Òkúta. Adébọ̀dé a máa tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe, kò sì sí ojúlé tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Ṣómólú tí wọn kò mọ̀ ọ́n. Lọ́dún tí àwọn olè fọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí wọ́n tú irin ara ẹ̀rọ méjì kó lọ, tí àwọn kan sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé tiẹ̀ ti parí, ló gbé ọmọ ajá dúdú kan wọlé nínú páálí. Abo ni, funfun díẹ̀ wà láyà rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní Tanímọ̀la, ó ní kí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín òun máa gbọ́ ọ nígbàkígbà tí òun bá ń pè é.

Adébọ̀dé ti kú láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Ayọ̀kúnnúmi, wà nílé ọkọ ní Ìlọrin. Ó wá ku Oyèbísí àti ajá nínú yàrá kan àti pálọ̀.

Iṣẹ́ ìwé ni Oyèbísí náà ń ṣe. Ó ti lé lọ́dún márùndínlọ́gbọ̀n tó ti ń di ìwé. Bí ìwé bá ti jáde lára ẹ̀rọ, ojú ewé kọ̀ọ̀kan á wà ní òkìtì tirẹ̀ lórí tábìlì gígùn kan. Òun á máa yí tábìlì náà po, á mú ewé kan níhìn-ín, á mú òmíràn lọ́hùn-ún, títí odidi ìwé á fi pé lọ́wọ́ rẹ̀, á wá tò ó dọ́gba, á fi pín-ín-nì gún un lẹ́yìn. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni, iṣẹ́ ojú sì ni. Ẹni tí oorun bá ń kùn kò lè ṣe é.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìtọ̀ náà fi di ti alaalẹ́. Oyèbísí rò pé ajá náà ń ṣe àgídí ni. Ó rò pé bóyá nítorí pé òun ń pẹ́ níbi iṣẹ́ ni, àbí nítorí pé òun kì í fún un lẹ́ran mọ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn tó ń fọ ẹní kan náà láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ó fa Tanímọ̀la lọ́rùn débi tó tutù, ó ti imú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi ìdí ìgbálẹ̀ nà án lẹ́ẹ̀mẹta. Ajá náà kò gbó, kò sì sá. Ó kàn tẹrí ba, ó ń wo ìgbálẹ̀ náà bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ bá òun jà. Oyèbísí sọ ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ó gbìyànjú nǹkan mìíràn. Bí ó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, á gbé abọ́ omi ajá pamọ́, ó ní ẹni tí kò bá mumi kò ní rí nǹkan tọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó Yísà tí wọ́n jọ ń gbélé wá sọ fún un pé òun rí ajá rẹ̀ tó ń lá omi nínú gọ́tà iwájú ilé. Ojú ti Oyèbísí. Ó gbé abọ́ omi padà sípò rẹ̀.

Ohun tó kàn ni pé ó gbé ẹní ajá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òun àti Yísà ni wọ́n ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Káfíńtà ni Yísà, ọmọ Ìsẹ́yìn, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kì í sì í jẹ́ kí ìrun àsùbáà ti mọ́sáláṣí bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà dà gẹ̀ẹ́rẹ̀ díẹ̀ sí ìhà tirẹ̀, ohun tí Oyèbísí kò sì rò nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, Yísà jáde nínú òkùnkùn pẹ̀lú jàlàbíà funfun lọ́rùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ nínú ìtọ̀, ó di ògiri mú, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ aṣọ rẹ̀ ti rẹ. Ó padà wọlé, ó fọ ẹsẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó tún àlùwàlá ṣe. Nígbà tí yóò fi dé mọ́sáláṣí, àwọn èèyàn ti ń jáde bọ̀.

Kò pariwo. Ó dúró títí Oyèbísí fi ṣílẹ̀kùn.

“Ìyá Ayọ̀,” ó ní, “mi ò bá yín jà. A ti jọ ń gbé látìgbà tí Bàbá Ayọ̀ ti wà láyé. Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ ajá bá ti kàn mí lára tàbí láṣọ, mi ò lè kírun bẹ́ẹ̀, àfi kí n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Wọ́n ti kírun tán lónìí kí n tó débẹ̀.”

Oyèbísí fi orúnkún kan kanlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Ó pọn omi, ó da ọṣẹ sí i, ó fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì, ó sì tún un fọ̀. Láti alẹ́ ọjọ́ náà, Tanímọ̀la padà sí pálọ̀, Oyèbísí sì bẹ̀rẹ̀ sí í jí lẹ́ẹ̀mejì lóru. Ó ṣètò fóònù rẹ̀ kó máa ké ní aago kan, kó tún ké ní aago mẹ́rin. Á gbé ajá náà dìde, nítorí ìbàdí rẹ̀ ti gan, á tì í díẹ̀díẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, á dúró tì í nínú ẹ̀fọn títí á fi tọ̀. Nígbà mìíràn ajá á kàn dúró, á máa wò ó lójú, kò ní tọ̀. Bí wọ́n bá padà dórí ẹní, kò ní tíì sùn dáadáa tí yóò fi jò.

Oṣù òjò ni. Aṣọ kì í gbẹ. Okùn tó ta sẹ́yìnkùlé kún fún àkísà àti ìró àtijọ́, òórùn náà sì wọ inú ògiri. Ó ṣí fèrèsé títí, ó la òròǹbó sílẹ̀, kò lọ. Nígbà tó yá, ó gbà pé òórùn náà ti wọ ara òun. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan ní ìjọ Onítẹ̀bọmi tó ń lọ, obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dìde lọ sórí àga mìíràn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ni obìnrin náà ń wá. Oyèbísí kò béèrè. Láti ọjọ́ náà, kò lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin mọ́, ẹ̀yìn pátápátá ló sì ń jókòó sí bó bá lọ jọ́sìn.

Kì í ṣe ara rẹ̀ nìkan ló rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe yìí, ó ti ṣe é rí. Oṣù márùn-ún ni Adébọ̀dé fi dùbúlẹ̀ nínú yàrá yẹn nígbà tí apá kan ara rẹ̀ rọ, kò sì lè mú ìtọ̀ dúró. Okùn tó ń sá aṣọ sí nígbà náà ló ń sá a sí báyìí. Ọṣẹ kan náà ló ń rà. Àwọn kan nínú ìró tó ń tẹ́ fún ajá, òun ló tẹ́ ẹ fún ọkọ rẹ̀. Nǹkan kan sì wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ìdájí ọjọ́ kan, kó tó di pé Adébọ̀dé kú, tí òun ti pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó jágbe mọ́ ọn pé, “Ẹ ò ṣe pè mí? Ṣé ẹ ò lè pe èèyàn ni?” Adébọ̀dé, tí ẹnu rẹ̀ kò gbé ọ̀rọ̀ dáadáa mọ́, yí ojú sí ògiri. Kò tún kọjú sí i lọ́jọ́ náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Tanímọ̀la wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà yẹn, ibẹ̀ ló máa ń wà.

Iṣẹ́ ló kọ́kọ́ já a kulẹ̀. Ọ̀gá tó ń bá ṣiṣẹ́ ni Ikúmápàyí, ọmọ àwọn apẹja Ìlàjẹ ní Bárígà, tó fi odò sílẹ̀ wá kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Wọ́n gbé irinwó ìwé ètò ìsìnkú fún Oyèbísí láti dì. Ó yí tábìlì po bó ṣe máa ń yí i po, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń pa dé. Nígbà tí ọmọ olóògbé wá gba ẹrù lọ́jọ́bọ̀, ó ṣí ọ̀kan wò, ó rí i pé orin ti gé sí méjì, ìtàn ìgbésí ayé ìyá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ibi tó yẹ kó parí sí. Irinwó, gbogbo rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kejì ni ìsìnkú.

Ikúmápàyí bẹ ọkùnrin náà pé kó padà wá nírọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé àga, ó jókòó sí òdìkejì tábìlì, òun àti Oyèbísí sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ pín-ín-nì lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣe é fún wákàtí kan gbáko. Pín-ín-nì kan gún Oyèbísí lábẹ́ èékánná, ó fi ẹnu fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ lọ.

“Màmá,” Ikúmápàyí ní, “láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín, ẹ ò ṣi ewé kan tò rí. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílé?”

Ó fẹ́ parọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Àmọ́ ó ti rẹ̀ ẹ́ ju kó wá irọ́ lọ, ló bá sọ ọ́ bó ṣe rí: ajá, ìtọ̀, aago kan, aago mẹ́rin, aṣọ tí kì í gbẹ. Ó retí kó rẹ́rìn-ín. Ikúmápàyí kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè bóyá ó ti gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Oyèbísí ní òun rò pé adìẹ àti màlúù ni wọ́n ń wò. Ikúmápàyí ní ọ̀kan wà ní Bárígà tó ń wo ajá, òun á júwe ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí igun ṣọ́ọ̀bù, níbi tí àwọn báńà onírọ́bà tí wọ́n tẹ̀ bàjẹ́ wà lókìtì, ó ní, “Omi kì í gba inú ìyẹn kọjá. Ẹ kó iye tó bá wù yín. Ìwé tí ẹ̀rọ gé kù náà, ẹ máa kó o lọ.”

Nígbà tí ọkùnrin náà padà dé nírọ̀lẹ́, ìwé rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ó pé, ó sì tò.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Oyèbísí gbé Tanímọ̀la lọ sí Bárígà. Ajá náà kò lè rìn jìnnà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá mẹ́ta kọ̀ láti gbé wọn, wọ́n ní àwọn kì í gbé ajá. Ẹkẹrin gbà nígbà tó rí i tó tẹ́ báńà sórí àga kó tó gbé e sí i. Dókítà náà, Dáraolúwa, kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ìbéèrè rẹ̀ pọ̀. Ó béèrè bóyá ajá náà ń mumi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bóyá ẹ̀jẹ̀ ń bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde, bóyá ó ń ni ín lára bó bá ń tọ̀, bóyá ìgbà tó bá sùn nìkan ló ń ṣe é. Ó gba ìtọ̀ rẹ̀ sínú abọ́, ó ki bébà tíntínní kan tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ wò bọ̀ ọ́, ó wo àwọ̀ rẹ̀. Ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó tẹ ikùn rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, Tanímọ̀la sì kùn díẹ̀.

Kò sí ìtọ̀ ṣúgà, kò sí kòkòrò àìsàn nínú ìtọ̀ rẹ̀. Kíndìnrín rẹ̀ ti ń rẹ̀ díẹ̀, bó ṣe máa ń rí fún arúgbó. Oríkèé rẹ̀ ti gan. Iṣan tó ń di ẹnu àpò ìtọ̀ mú ló ti dẹ̀.

“Mà, kì í ṣe pé ó ń tọ̀,” ni dókítà wí. “Ó ń jò ni. Ó ti sùn, kò mọ̀ rárá. Bó bá jí tó rí i pé ara òun tutù, bó ṣe ń yà yín lẹ́nu ló ń ya òun náà lẹ́nu.”

Oyèbísí ní, “Mo ti nà án lórí ẹ̀.”

Dókítà kò wò ó lójú. Ó ń fọwọ́ pa ajá náà létí. “Ẹ má nà án mọ́,” ó ní.

Ó kọ oògùn kan, ó ní ó ń bá àwọn ajá kan mu, kì í bá òmíràn mu, ó di ìgbà tí wọ́n bá lò ó. Ó ní kó má ṣe pa omi mọ́ fún un láé. Kó mú un jáde kí wọ́n tó sùn, kó tún mú un jáde ní ìdájí, ti aago kan òru kò pọn dandan. Kó máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu itan rẹ̀, kó jẹ́ kó gbẹ, kó sì fi fasilíìnì pa á, nítorí ìtọ̀ máa ń jẹ awọ ara, egbò á dé. Nígbà tí Oyèbísí béèrè ìgbà tí yóò sàn, dókítà mí kanlẹ̀. Ó ní àìsàn ni àwọn ń wò, àwọn kì í wo ogbó. Bó bá dọjọ́ tí kò lè dìde mọ́, tí kò jẹun, abẹ́rẹ́ kan wà tí yóò fi sùn láìjẹ̀rora, kí ó padà wá nígbà náà, àmọ́ wọn ò tíì débẹ̀.

Nílé, Oyèbísí bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ibùsùn náà bó ṣe ń di ìwé, ipele lórí ipele. Báńà ló wà nísàlẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ tú jáde, àwòrán ìyá àgbàlagbà kan tó ti di olóògbé ló wà lójú rẹ̀, pẹ̀lú gèlè ńlá, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó wò ó títí. Kò bójú mu kí ajá máa jò sójú òkú olókùú, ó bá dojú rẹ̀ délẹ̀. Orí báńà ló da ìwé àgékù sí, tínrín tínrín bí ìrù ẹṣin, tó ń fa omi mu kíákíá. Àpò ìrẹsì tẹ̀lé e, ó wá tẹ́ ìró kan ṣoṣo sókè. Láàárọ̀, á kó ìwé náà dànù, á nu báńà, ìró kan ló ń fọ̀ dípò mẹ́rin. Ilẹ̀ ń gbẹ. Kò sinmi, àmọ́ ẹrù náà fúyẹ́ díẹ̀.

Yísà rí báńà náà láti ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì ó gbé pákó pẹlẹbẹ kan wá tó ti fá dán, ó kàn án mọ́ ìsàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà Oyèbísí kí omi kankan má lè ṣàn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní àgékù pákó ni, kó má dúpẹ́. Fún ọ̀sẹ̀ kan, Tanímọ̀la ń kọsẹ̀ lára pákó náà bó bá ń jáde, Oyèbísí sì ní láti máa gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Oògùn náà ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó rí alẹ́ kan tí ìró gbẹ. Lẹ́yìn náà wọ́n ń rí méjì láàárín ọ̀sẹ̀, nígbà mìíràn mẹ́ta. Lẹ́yìn tó bá gbẹ fún ọjọ́ méjì, Oyèbísí á bẹ̀rẹ̀ sí í retí ẹ̀kẹta, á sì tún bá a tó rẹ gbingbin. Ìyẹn ló ń rẹ̀ ẹ́ jù, ìrètí náà. Nígbà tó yá ó jáwọ́ nínú kíka ọjọ́.

Ayọ̀kúnnúmi pè láti Ìlọrin ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó ti gbọ́ ìtàn náà díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohùn ìyá rẹ̀ ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

“Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ yẹn,” ó ní. “Ẹ̀yin fúnra yín ò kéré mọ́. Ajá ni.”

“Ó ṣì ń jẹun,” Oyèbísí dá a lóhùn. “Ó ṣì ń mọ ìró ẹsẹ̀ mi bí mo bá ń bọ̀.”

“Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ń tọ́jú yín?”

Oyèbísí jókòó sórí àpótí. Kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. “Ayọ̀, mo jágbe mọ́ bàbá ẹ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Lórí ìtọ̀. Kò lè gbé ara ẹ̀ dìde, mo sì jágbe mọ́ ọn. Ó yíjú sí ògiri.”

Ó gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń ti ilẹ̀kùn lọ́hùn-ún.

“Mo mọ̀, Mọ́mì,” ọmọ náà ní. “Mo wá wo Dádì nígbà yẹn, pálọ̀ ni mo sùn. Mo gbọ́. Nígbà tí ẹ lọ fọṣọ, mo wọlé lọ bá Dádì. Wọ́n ń tiraka láti sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Wọ́n ní, ‘Ó ti rẹ ìyá ẹ.’ Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Oyèbísí sunkún lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ẹkún tó le. Ọmọ rẹ̀ kò tún mẹ́nu ba abẹ́rẹ́.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ̀gbọ́n Oyèbísí obìnrin ṣubú ní balùwẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì ní kó wá. Ó kéré tán, yóò lo ọjọ́ mẹ́ta. Kò sí ẹni tó lè fi Tanímọ̀la tì. Ó lọ bá ìyàwó Yísà pé bóyá yóò kàn máa fún un lóúnjẹ, òun á fọ gbogbo ìdọ̀tí nígbà tí òun bá dé. Yísà gbọ́ láti inú yàrá, ó jáde.

“Àwọn aṣọ alẹ́ ńkọ́?” ó béèrè.

Oyèbísí ní òun kò lè bẹ̀ ẹ́ fún ìyẹn, òun mọ bí ó ṣe rí lọ́dọ̀ rẹ̀.

“Ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń fọ̀ tán, Ìyá Ayọ̀. Ìtọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ìdọ̀tí ni. Mo máa fọ̀ ọ́, màá wẹ̀, màá wá kírun. Àlùfáà wa sọ fún wa rí pé ẹnì kan bu omi fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ, Ọlọ́run sì torí ẹ̀ forí jì í. Ẹ máa lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín.”

Ó ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó ya aṣọ iṣẹ́ kan sọ́tọ̀ tí kò ní wọ̀ ṣe nǹkan mìíràn. Oyèbísí fi bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ibùsùn hàn án, báńà, ìwé, àpò, ìró. Yísà ní kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun rí i dáadáa.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò fara pa púpọ̀, ìgbáròkó ló wú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀, iṣẹ́ kò pọ̀ fún Oyèbísí. Ó sùn. Ó sùn lọ́sàn-án, ó sùn lálẹ́, oúnjẹ ló ń jí i. Síbẹ̀, ní aago mẹ́rin ìdájí, ojú rẹ̀ á là, á máa fọwọ́ tálẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn bóyá ó tutù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè ohun tó ń wá. Ó ní kò sí.

Nígbà tó padà dé ní ọjọ́ kẹrin, Tanímọ̀la jókòó sẹ́nu ọ̀nà, itan rẹ̀ mọ́, fasilíìnì ń dán lára rẹ̀. Yísà jókòó sórí bẹ́ńṣì rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

“Òru mẹ́ta péré ni mo ṣe,” ó ní. “Ó ti di oṣù mélòó tí ẹ ti ń ṣe é?”

“Ìkẹjọ rèé.”

Yísà mi orí. Ó ní òun ń jí fún àsùbáà bóun bá fẹ́ bóun bá kọ̀. Bí òun bá ti kírun dé, òun lè fi okùn fa ajá náà jáde sẹ́yìnkùlé, kó tọ̀, kó padà wọlé, kí Oyèbísí má dìde. Kí ó ṣáà fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láì tì í, àwọn méjèèjì ṣáà ni wọ́n ni ọ̀dẹ̀dẹ̀. Oyèbísí fẹ́ kọ̀. Ó la ẹnu, ó sì rí i pé òun kò lágbára láti kọ̀. Ó ní ó ṣeun.

Bó ṣe wà nìyẹn títí di bá a ṣe ń wí yìí. Tanímọ̀la ti wọ ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ó ń jò lọ́pọ̀ òru, kì í jò ní òmíràn. Ojú rẹ̀ kan ti ń funfun. Dókítà Dáraolúwa ti tún un wò lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kó máa bá oògùn lọ. Oyèbísí ti padà sí ìpàdé àwọn obìnrin, ó sì ń to ìwé láìṣì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń jókòó sinmi lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ìwé kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé báwo ni, á ní ó ń rẹ òun. Kò parọ́.

Lówùúrọ̀, bí aago bá ti lé díẹ̀ ní márùn-ún ààbọ̀, á gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí, á gbọ́ ohùn Yísà tó ń sọ jẹ́ẹ́jẹ́ fún ajá pé kó gbé ẹsẹ̀. Á gbọ́ èékánná Tanímọ̀la lórí sìmẹ́ǹtì, tó ń lọ sẹ́yìnkùlé díẹ̀díẹ̀. Oyèbísí kì í dìde. Á yí ojú sí ìhà kejì, á fa aṣọ bo èjìká, wákàtí kan ṣì wà tó lè sùn.